Ọbàkan Lójú Ogun: Ojúṣe Ẹbí nínú Ogun Kírìjì àti Ipò Àríwá Èkìtì

Nínú Mahabharata, ìtàn akọni ilẹ̀ Íńdíà tí a kọ ní èdè Sanskrit, Arjuna ní kí wọ́n dá kẹ̀kẹ́ ogun òun dúró sí àárín ọmọ ogun méjì. Ó wo iwájú, ó rí i pé àwọn tí òun fẹ́ ta lọ́fà ni bàbá àgbà tó tọ́ òun, olùkọ́ tó kọ́ òun ní ọfà títa, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun. Ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Krishna bá a sọ níbẹ̀, pé ojúṣe jagunjagun ju àánú ẹbí lọ, ni a mọ̀ sí Bhagavad Gita. Àwọn olùtumọ̀ sábà máa ń pe àwọn tó dojú kọ ara wọn níbẹ̀ ní ìbátan lásán. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó ju ìyẹn lọ. Pandu àti Dhritarashtra ni ó bí agbo méjèèjì, ìtẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń dù. Nínú agboolé Yorùbá, ipò ọbàkan ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà sí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó, nítorí pé Yorùbá kò fi ọbàkan àti ọmọ ìyá sí ipò kan náà. Ọmọ ìyá jọ jẹun nínú àwo kan, wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan. Bí bàbá bá kú, ìdí-igi kan ni a ó kà wọ́n sí nígbà tí a bá ń pín ogún. Orúkọ bàbá ni ọbàkan jọ ń jẹ́. Wọn kò lè sẹ́ ara wọn, wọn kò sì lè ṣe kí wọ́n má máa ṣọ́ ara wọn. Nígbà tí I. A. Akinjogbin gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1967 pé ẹbí ni ìpìlẹ̀ ètò ìṣèlú àwọn ìlú ọba, okùn tó ń so wọ́n pọ̀ ni ó tẹnu mọ́. Ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọba bá jẹ́ ọmọ Odùduwà lóòótọ́, ọbàkan ni púpọ̀ nínú wọn, okùn náà sì ní ogún àìpín lórí.

Ìtàn Ọ̀wá Ilẹ̀ṣà fi èyí hàn ju èyíkéyìí lọ. Ojú Odùduwà fọ́, wọ́n ní omi òkun ni yóò là á. Àwọn ọmọ yòókù kò lọ; Ajíbógun, àbíkẹ́yìn, ni ó lọ, ó sì bù ú wálé, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ọbókun. Kí ó tó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán. Ẹni tó bá mọ Ramayana yóò rántí Rama, tó lọ sí ìgbèkùn ọdún 14 kí ẹ̀jẹ́ bàbá rẹ̀ má bàa já. Bharata, ọbàkan rẹ̀, kọ̀ láti jókòó sórí ìtẹ́; bàtà Rama ni ó gbé ka orí rẹ̀ títí ó fi padà. Ìtàn Yorùbá kò fún àwọn ẹ̀gbọ́n ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ẹnu àwọn tó mọ bí ogún pípín ti ń rí ni ó ti jáde.

Ní 1878 ni ọ̀rọ̀ ẹbí di ọ̀rọ̀ ogun. Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì, Ilẹ̀ṣà sì ti ṣubú sí i lọ́wọ́ ní 1870. Ìtàn sọ pé wọ́n fẹ́ fi agbára bá ìyàwó Fábùnmi, ọmọ ọba ní Òkè-Ìmẹ̀sí, lò pọ̀. Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀, wọ́n sì pa ajẹ́lẹ̀ láwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú. Ìtìjú tí wọ́n fi kan Draupadi nínú gbọ̀ngàn ọba náà ni ó sọ ìjà Mahabharata di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè parí mọ́. A kò gbọdọ̀ na ìfiwéra yìí jù: ìsìn, ẹrú àti ọ̀nà òwò wà nídìí ogun Kírìjì, bí S. A. Akintoye ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1971. Síbẹ̀, ẹ̀sìn tí a fi kan ìyàwó ilé ni àwọn ènìyàn rántí, nítorí pé òun ni ojúṣe tí kò sí ọkùnrin tí yóò béèrè àlàyé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ń jagun lábẹ́ àwọn olórí ogun ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni Ògèdèǹgbé ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Ó pẹ́ kí ó tó dé ibùdó láti gba ipò olórí lọ́wọ́ Fábùnmi; nígbà tí ó dé, àwọn tó dojú kọ ni ilé tó ti mọ ogun jíjà. Àpẹẹrẹ Arjuna tó sún mọ́ni jù lọ nìyí, àmọ́ kò sí Krishna tí ó dá a lóhùn.

Àríwá Èkìtì ni ọ̀ràn náà ti díjú jù. Láti Ọ̀tún àti Ìdó títí dé Ọyẹ́, Ayédé àti Ìkọ̀lé, ilẹ̀ náà fara kan ọ̀nà Ìlọrin ní apá kan, ó sì fara kan Akókó àti Yàgbà, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ti ń kó ènìyàn, ní apá kejì. Olùgbèjà lọ́wọ́ Ìlọrin ni Ìbàdàn kọ́kọ́ jẹ́ fún àwọn kan níbẹ̀, kí olùgbèjà tó di olówó-orí. Nígbà tí Èkìtì Parapọ̀ dìde, Ìlọrin wá di alájọṣe wọn sí Ìbàdàn. Ará Ọ̀tún tí Ìlọrin ti dó tì rí ní láti gbà pé ọ̀tá àná ni ọ̀rẹ́, kí ọbàkan tó jìnnà lè bọ́ lóko ẹrú. Orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀. Parapọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: ohun tí a ṣe ni, a kò bí i mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ayédé túbọ̀ là á yéni. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Èṣùbíyì, jagunjagun láti Ìyè, kó àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn jọ síbẹ̀. Ó jẹ Ata, ó bá Ìbàdàn dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì gbé Yemọja, òrìṣà ìran tirẹ̀, ga di òrìṣà adé. Àwọn tó bá a tẹ̀ ẹ́ dó mú òrìṣà tiwọn náà dání, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ń rántí ibi tó ti wá. Ìlú tí kò ní bàbá kan náà ni, síbẹ̀ ó béèrè ìgbọràn tí ọmọ fi ń fún bàbá.

Àwọn tó náwó nára jù lọ fún ìdè ẹbí yìí sì ni àwọn tí wọ́n ti já kúrò nínú rẹ̀. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí a ti tà lẹ́rú, tí wọ́n padà láti Sàró àti Bùràsíìlì, dá ẹgbẹ́ tí wọ́n sọ ní orúkọ Èkìtì Parapọ̀. Philip Jose Meffre, tó ti Bùràsíìlì dé, wà lára wọn. Wọ́n fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó; ìró ohun ìjà ni wọ́n ní ó fún ogun náà ní orúkọ Kírìjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè mọ agboolé tí a ti jí wọn gbé mọ́. Èkìtì lápapọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Láàtóòsà kú ní ibùdó ní 1885. Ní oṣù kẹfà 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà tí Samuel Johnson, ẹni tó ń jíṣẹ́ láàárín wọn, tẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Ó gba òmìnira Èkìtì wọlé, lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí agbẹjọ́rò Yúróòpù kò ní ronú kàn: pé Aláàfin àti Ọ̀wá yóò máa wà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Òmìnira àti ipò àbúrò jókòó pọ̀ nínú ìwé kan, nítorí pé ọbàkan kì í jọba lórí ọbàkan, ṣùgbọ́n àgbà kò ṣeé pa rẹ́. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ ṣẹ́kù sọ́wọ́ Ìbàdàn, a sì gba ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ láàyè láti kúrò. Ibùdó ogun kò tú ká pátápátá títí di 1893.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n ń pe àwọn ọba Èkìtì jọ sí ìgbìmọ̀ Pẹ̀lúpẹ̀lú. Ẹlẹ́kọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ àti Olójùdó jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Odùduwà. Wọ́n ka Ata Ayédé, tí ogun fún ní adé, mọ́ wọn. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ṣáájú ẹni láàárín àwọn ọba Èkìtì kò tíì tán títí di òní.