Ilé Oúnjẹ Ìbàdàn: Ìtàn Tí A Ń Jẹ Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ìlú, ogun, oyè àti ìṣèlú ni a sábà máa ń sọ. A kì í sọ ibi tí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà ti jẹun. Bí àlejò bá dé Ìbàdàn tó fẹ́ mọ ìtàn ìlú náà, Gbọ̀ngàn Mápó ni a ó mú un lọ, tàbí Ilé Kókó ní Dùgbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé nínú àròkọ yìí ni pé ilé oúnjẹ kéékèèké ìlú wa, èyí tí kì í ṣe ti ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ ńlá, ní ọwọ́ nínú ìtàn Ìbàdàn, ó sì ní ọwọ́ nínú lítíréṣọ̀ tí a ń kà ní kíláàsì. Ìtàn rẹ̀ sì fẹ́ ṣègbé mọ́ wa lójú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn àbáláyé sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú kọ́kọ́ tẹ̀ dó, orí òkè ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ kí ebi má bàa pa wọ́n. Títí di òní, ẹni tó bá ń ki Ìbàdàn kò ní ṣàì dárúkọ òro àti ìgbín. Ìlú tó sọ oúnjẹ ọjọ́ ìpọ́njú di oríkì mọ iyì oúnjẹ.

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kóra jọ síbẹ̀. Àárín ìlú náà ni ọjà wà, ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Ọjà Ìbà ni a pè é, láti inú oyè Ìbà tí Olúyọ̀lé jẹ kí ó tó di Baṣọ̀run. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ìyàwó tàbí ìyá tí yóò dáná fún un. Jagunjagun wà níbẹ̀, àjèjì wà níbẹ̀, àgbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ náà wà níbẹ̀. Obìnrin tó ro ẹ̀kọ ní òru, tó sì dín àkàrà ní ìdájí, òun ló ń bọ́ irú àwọn wọ̀nyí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti ka ìpolówó ọjà nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn, ẹ rántí pé ẹnu àwọn obìnrin wọ̀nyí ló ti wá. Kí a tó kọ ewì sínú ìwé ní Ìbàdàn, wọ́n ti ń fi ewì ta oúnjẹ.

Ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ohun gbogbo sì yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Gbági àti Dùgbẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn ará Lẹ́bánónì, tí àwọn baba wa ń pè ní Kóráà nítorí iyùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń kiri, ṣí ìsọ̀ aṣọ sí Gbági. Akọ̀wé, alágbàṣe àti awakọ̀ pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ní láti jẹun ọ̀sán ní ibi tó jìnnà sí ilé. Bí àtíbàbà olóúnjẹ ṣe kún ìgboro nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni a ti yá orúkọ tí a fi ń pè é: bukka ni wọ́n ń pe ahéré, àwa sì pè é ní búkà. Nígbà tó yá, àwọn aláwàdà ìlú so ó mọ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó, ó di bùkátérìà. Ahéré Hausa àti ilé ìjẹun Òyìnbó pàdé lẹ́nu Yorùbá, wọ́n bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà nìkan tó láti fi kọ́ ọmọ kíláàsì ní bí èdè ṣe ń yá ọ̀rọ̀ lò.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan lítíréṣọ̀ gan-an ni Gbági. Ní ọdún 1961, àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan ń wá ibi tí wọn yóò máa péjọ sí. Lára wọn ni Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Ezekiel Mphahlele tó wá láti South Africa, àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọn kò lọ sí inú ọgbà Yunifásítì, wọn kò sì lọ sí gbọ̀ngàn ìjọba. Ilé kan tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, ni wọ́n gbà. Wọ́n sọ ọ́ di ibi eré orí ìtàgé, ibi ìpàtẹ àwòrán àti ilé ìkàwé, wọ́n sì pè é ní Mbari, orúkọ Igbo tí Achebe dá lábàá. Láti ibẹ̀ ni ìwé ewì Okigbo tó ń jẹ́ Heavensgate ti jáde ní ọdún 1962, àti Three Plays ti Ṣóyínká ní ọdún 1963. Láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tẹ ìwé Alex La Guma, A Walk in the Night, jáde ní ọdún 1962, nígbà tí ìjọba ìlú rẹ̀ ń gbógun ti irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi yan irú ibẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ilé oúnjẹ ní àgbàlá. Ó wà láàárín ọjà, ẹnikẹ́ni sì lè wọlé láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó wá ra aṣọ ní Gbági lè yà wo àwòrán kí ó tó lọ sílé. Ó dá mi lójú pé bí wọ́n bá ti há a mọ́ inú ọgbà Yunifásítì ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá má mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀kan lára àwọn tó wọlé náà ni Dúró Ládipọ̀, olùkọ́ àti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti Òṣogbo, ìlú tó jìnnà sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 90 kìlómítà. Àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ó mú ìlù Yorùbá wọ inú orin Ọlọ́run. Ní ọdún 1961 kan náà, ó gbé orin Kérésìmesì rẹ̀ wá sí Mbari, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ó fẹ́ kí Òṣogbo náà ní irú rẹ̀. Ó ti ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Popular Bar. Ilé ọtí yẹn ni wọ́n sọ di Mbari Òṣogbo ní ọdún 1962. Àwọn ará ìlú kò mọ ọ̀rọ̀ Igbo náà, nítorí náà wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni tó ń sọ pé bí òun bá rí i, òun ì bá yọ̀, ó sì di Mbárí Mbáyọ̀. Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Ní ọdún 1963, Ọba Kò So tẹ̀ lé e, eré tí wọ́n gbé lọ sí Berlin ní ọdún 1964. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán níbẹ̀, bí Rufus Ògúndélé, Muraina Oyelami àti Twins Seven Seven, di ẹni tí ayé mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ọba Kò So, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé ọtí kékeré kan ni wọ́n ti tọ́ eré náà dàgbà. Èyí kò dín iyì rẹ̀ kù. Ó ń fi hàn pé ibi tí olówó rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí eré lè bẹ̀rẹ̀ ni ohun tuntun ti máa ń hù.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ṣọ́ọ̀bù ńlá wé e. Ní àkókò kan náà, Kingsway, ṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ UAC, ni ògo Dùgbẹ̀. Ẹni tó bá ra nǹkan ní Kingsway, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Inú àwọn ṣọ́ọ̀bù Kingsway náà ni ilé ìpanu ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, tó wá di Mr Bigg's ní ọdún 1986. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú, Kingsway kógbá wọlé kí ọ̀rúndún náà tó parí. Olóúnjẹ abẹ́ àtíbàbà kò lọ. Ó dín ẹran kù nínú ọbẹ̀, ó pààrọ̀ àwo, ó ń bá a lọ.

Síbẹ̀, bí òpìtàn bá fẹ́ kọ ìtàn Kingsway, ìwé wà fún un. Àwọn ìwé UAC wà ní ibi ìpamọ́ Unilever ní Port Sunlight, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìwé ìṣirò owó, àwòrán, lẹ́tà. Ìyá tó se àmàlà fún àwọn òṣìṣẹ́ Kingsway fún ogún ọdún ńkọ́? Kò sí ìwé kan. Kódà, nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Mbari, a ń ka orúkọ àwọn òǹkọ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a kì í sábà dárúkọ ẹni tó ti ń se oúnjẹ nínú ilé náà kí wọ́n tó dé. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí nìyẹn.

Nígbà mìíràn, ẹnu àwọn oníbàárà ló ń ṣe iṣẹ́ ìwé. Ilé oúnjẹ kan wà ní Bódìjà tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ sí Amala Skye, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ báńkì Skye ló wà. Ní ọdún 2018, báńkì náà kógbá wọlé, Polaris sì gba ipò rẹ̀. Àmàlà kò yí orúkọ padà. Lónìí, orúkọ báńkì ńlá yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ àfi lẹ́nu àwọn tí ebi ń pa.

Ẹ jókòó sí irú ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí ẹ wo ohun tó wà nínú àwo kan ṣoṣo. Wọ́n ti bó iṣu, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́ kí ó tó di èlùbọ́, bóyá ní Ṣakí tàbí ní ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn. Wọ́n bó ẹ̀wà kí ó tó di gbẹ̀gìrì. Wọ́n fi ìjábẹ̀ ja ewédú. Wọ́n bu ata lé e, wọ́n fi ṣàkì tàbí ògúnfe sí i, ó di àbùlà. Àgbẹ̀, aláta, alápatà, aláwo, ọlọ́kọ̀ tó kó èlùbọ́ wá sí ọjà Bódìjà, gbogbo wọn ló jẹ nínú owó àwo kan náà. Adájọ́ àti awakọ̀ sì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Níbo ló tún kù ní ìlú wa tí a ti ń rí irú èyí?

Èmi kò sọ pé gbogbo búkà ló dára. Ibi tí omi ìfọwọ́ kò ti mọ́, ẹ má ṣe wọ ibẹ̀. Èmi kò sì sọ pé ẹni tó fẹ́ jẹun nínú ilé oúnjẹ ìgbàlódé ṣẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìnáwó àwọn kéékèèké yìí ti wúwo. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀, owó gáàsì àti owó èlùbọ́ ń ga sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ní ìlú púpọ̀ lè fara da àdánù fún ọdún kan. Ìyá tó ní ìkòkò mẹ́ta kò lè fara dà á fún oṣù kan. Bí ó bá ti ìlẹ̀kùn, ọbẹ̀ rẹ̀ lọ, ìtàn rẹ̀ lọ pẹ̀lú.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni mo fẹ́ kí a ṣe. Èkínní dùn: ẹ jẹ́ kí a máa jẹun níbẹ̀, kí a mú àwọn ọmọ wa lọ, kí a sì máa ra aṣọ, ìwé àti bàtà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò wa. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá ilé oúnjẹ tó pẹ́ jù ní àdúgbò rẹ̀. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá olóúnjẹ, kí ó ra oúnjẹ, kí ó sì dúró di ìgbà tí èrò bá dín kù. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè: Mà, ọdún wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀? Ta ló kọ́ yín? Èló ni àwo kan nígbà náà? Àwọn wo ló máa ń wá? Kí ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé iléèwé rẹ̀.

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti bọ́ ìlú kan láti ayé ogun títí di òní. Kí a jẹun, kí a sanwó, kí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀.