Oríkèé Ọ̀pá Gáàsì: Ìtàn Bí A Ṣe Ń So Ó àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bí a bá ń pìtàn gáàsì àdáyébá, ẹnu kànga ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró sí: ta ló gbẹ́ ẹ, ní ọdún wo, báwo ni ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ti pọ̀ tó. Ní tèmi, oríkèé ọ̀pá ni kókó ìtàn náà wà. Gáàsì tí kò rí ọ̀nà kúrò lẹ́nu kànga kò sàn ju owó tí a rì mọ́lẹ̀ tí a sì gbàgbé ibẹ̀. Ní Niger Delta, iná ni wọ́n fi ń sun ún dànù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pá ló sọ ọ́ di ọrọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá irin kan kò lè gùn ju èyí tí ọkọ̀ lè gbé lọ. Ó di dandan kí a so ọ̀kan mọ́ èkejì, kí a so èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, títí yóò fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ojú ìsopọ̀ kankan má sì ṣe jò. Omi tó bá ń jò a máa fi ara hàn, ilẹ̀ a tutù. Gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì dúró de ẹni tó ń wá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀pá kan wà tó gba iwájú orílẹ̀-èdè wa kọjá lábẹ́ òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní Gazoduc de l'Afrique de l'Ouest. Ó gbéra ní Ìtòkí, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà, níbi tó ti ń gba gáàsì lọ́wọ́ ọ̀pá àtijọ́ tó wá láti Escravos sí Èkó. Ó rin 56 kìlómítà lórí ilẹ̀ títí dé etí òkun ní agbègbè Àgbádárìgì, níbi tí ẹ̀rọ ńlá ti ń fún gáàsì náà pọ̀ kí ó lè ní agbára ìrìn. Láti ibẹ̀ ló ti wọ omi. Ó ya ẹ̀ka sí Kútọnu, ó ya sí Lomé, ó ya sí Tema, ó sì parí sí Takoradi ní ilẹ̀ Gánà. Pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka rẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ 678 kìlómítà. 569 nínú rẹ̀ wà nínú òkun, níbi tí omi ti jìn tó 30 sí 75 mítà. Àwa ará Ìdáàṣà, tí ìtàn ìdílé ọba wa sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagu Ọlọ́fin ti wá, lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i: Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni ọ̀pá yìí ti jáde. Orí ilẹ̀ ni Jagu gbà ní tirẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn olè orí òkun gbìyànjú láti wọ inú ọkọ̀ agbépo kan ní iwájú Lomé. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Tógò dá sí i. Nínú rògbòdìyàn náà, ìdákọ̀ró ọkọ̀ wọ́ nílẹ̀ òkun, ó kọ́ ọ̀pá gáàsì, ó sì fà á ya. Gáàsì dúró. Omi òkun rí ọ̀nà, ó wọlé. Ó di ọdún 2013 kí gáàsì tó tún dé Gánà, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé àìsí gáàsì wà lára ohun tó mú iná mànàmáná wọn di ohun tí wọ́n ń pín jẹ. Wọ́n ní orúkọ fún irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ ní èdè Twi: dumsor, èyíinì ni «pa á, tàn án». Ìdákọ̀ró kan péré ló ṣe gbogbo èyí. Nígbà tí mo bá sọ ọ́ ní kíláàsì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí ni èyí: báwo ni ènìyàn ṣe lè lẹ irin pọ̀ lábẹ́ òkun? Ìdáhùn rẹ̀ gùn, ó sì ti pẹ́.

Ọ̀pá gáàsì àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀, oparun ni. Ní Sichuan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí àwọn ará Yúróòpù tó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n ń fi oparun gbé gáàsì láti inú kànga lọ sábẹ́ agbada tí wọ́n fi ń se omi iyọ̀. (Àwọn obìnrin Djègbadji, nítòsí Ouidah, ń se omi iyọ̀ tiwọn pẹ̀lú igi.) Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1821, William Hart gbẹ́ kànga gáàsì ní Fredonia, ní ìpínlẹ̀ New York, igi tí a gbẹ́ ihò sínú ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá, ọ̀dà àti àkísà ni wọ́n sì fi dí oríkèé rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu pé ó ń jò. Nígbà tí irin dé, ìṣòro náà kò lọ, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Irin a máa gbòòrò nínú oòrùn, a máa sún kì nínú òtútù, ilẹ̀ a sì máa yí lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi ẹnu ọ̀pá kan ki ẹnu èkejì gírígírí láìsí ohun tó rọ̀ láàárín wọn, ọjọ́ kan ni yóò là.

Ohun tó rọ̀ yẹn ni Solomon Dresser fi di olókìkí. Ní Bradford, ní Pennsylvania, ló dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1880, kí ọ̀rúndún náà tó parí ló sì ti ṣe ìsopọ̀ kan tó fi rọ́bà sí ojú oríkèé, tó wá fi òrùka irin àti bóòtù fún rọ́bà náà pọ̀ yí ọ̀pá ká. Bí ọ̀pá bá yẹ̀ díẹ̀, rọ́bà a tẹ̀ lé e. Ó rọrùn lójú, àmọ́ òun ló jẹ́ kí gáàsì lè rìn jìnnà láìṣòfò. Ní ọdún 1891, wọ́n ti gbé e láti Indiana dé Chicago, ìrìn bí 190 kìlómítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá yẹn kò dára tó. Láti àwọn ọdún 1920 ni jíjó irin pọ̀ pẹ̀lú iná mànàmáná ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò, tí ọ̀pá méjì fi ń di irin kan ṣoṣo. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà ṣe ọ̀pá tó wà níwájú Kútọnu: lórí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jó àwọn ọ̀pá pọ̀, wọ́n a yẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan wò bóyá ihò wà nínú rẹ̀, wọ́n a bò ó lára, wọ́n a sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun bí ọkọ̀ náà ti ń sún síwájú. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bá gùn tó mítà 12, oríkèé tó wà nínú 569 kìlómítà ju 47,000 lọ. Ọ̀kan ṣoṣo tí a bá jó dànù nínú wọn ti tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Mo ti sọ pé gáàsì kò ní òórùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè kọjá lẹ́nu olùkọ́ wẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937, ní New London ní Texas, ilé-ìwé kan bú gbàmù, ó sì pa àwọn ọmọ àti olùkọ́ tó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn aláṣẹ ilé-ìwé náà ti fẹ́ dín ìnáwó kù, wọ́n sì so ọ̀pá tiwọn mọ́ ọ̀pá gáàsì tí àwọn elépo kò lò. Gáàsì jò sábẹ́ ilé, kò sí imú tó gbọ́ ọ, iná kékeré láti ara ẹ̀rọ kan sì tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin jáde pé kí wọ́n máa fi ohun tó ń rùn sínú gáàsì tí à ń lò nínú ilé. Òórùn burúkú tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí ìgò gáàsì ìdáná bá ń jò, ènìyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣẹ̀dá fún gáàsì, èyí ni mo kà sí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irin kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni ìpẹtà. Ní ọdún 1824, Humphry Davy ará Gẹ̀ẹ́sì rí i pé bí a bá so irin tàbí síǹkì mọ́ bàbà tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, omi iyọ̀ yóò jẹ irin tàbí síǹkì náà, yóò sì fi bàbà sílẹ̀. Ọ̀rúndún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1928, Robert Kuhn lo irú ìmọ̀ yìí, pẹ̀lú agbára iná mànàmáná, láti dáàbò bo ọ̀pá gáàsì ní New Orleans. Nínú òkun, ẹ̀gbà síǹkì tàbí alumíníọ́mù ni wọ́n máa ń fi sí ara ọ̀pá. Faransé ń pè é ní anode sacrificielle, Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu láti ayébáyé: ìpààrọ̀ orí ni. Ó ń jẹrà kí ọ̀pá má bàa jẹrà, nígbà tó bá sì tán, a ní láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè àwọn ọmọ kíláàsì. Bí ọgbẹ́ ọ̀pá bá kéré, a lè fi ìgbàmú irin méjì gbá a mú yíká, kí rọ́bà wà nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń rán igbá tó là dípò kí wọ́n sọ ọ́ nù. Bí ó bá ya pátápátá, a ní láti gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjì ló wà: kí a gbé ẹnu ọ̀pá méjèèjì sókè wá sórí ọkọ̀ kí a jó o níbẹ̀, tàbí kí àwọn òmùwẹ̀ so ọ̀pá tuntun sáàárín lábẹ́ omi pẹ̀lú ìsopọ̀ alábóòtù, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ ìsopọ̀ Dresser. Ìyẹn kò sì parí iṣẹ́. Omi àti yanrìn tó ti wọlé gbọ́dọ̀ jáde, inú ọ̀pá sì gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí pé omi àti gáàsì, nínú òtútù àti ìfúnpọ̀ ńlá, a máa di yìnyín tó lè dí ọ̀pá pa. Ohun kan bí èdìdì ni wọ́n ń tì gba inú ọ̀pá, tó ń há a tó sì ń nù ún. Faransé ń pè é ní racleur. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ní nítorí igbe tó ń ké nínú ọ̀pá ni. Irú rẹ̀ mìíràn ru ẹ̀rọ tó ń wọn bí ara irin ti nípọn tó, kí a lè mọ ibi tí ìpẹtà ti ń jẹun kí ó tó jò.

Kí ló gbé wa dé ìdí irú ohun tó le tó báyìí? Ọ̀dá ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Benin àti Tógò ń ra iná láti Akosombo ní Gánà nípasẹ̀ Communauté Électrique du Bénin, èyí tí orílẹ̀-èdè méjèèjì dá sílẹ̀ ní ọdún 1968. Ní ọdún 1998, omi adágún Volta fà, òkùnkùn sì kárí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. CEDEAO ti dá àbá ọ̀pá gáàsì láti ọdún 1982, àwọn ìjọba mẹ́rin sì ti fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1995. Lẹ́yìn òkùnkùn yẹn, kò sí ẹni tó tún pè é ní àlá mọ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ńlá ní Dakar ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2003. Nínú ilé-iṣẹ́ tó ni ọ̀pá náà, Chevron gba ìpín 36.9 nínú 100, ilé-iṣẹ́ epo Nàìjíríà gba 24.9, Shell gba 17.9, ti Gánà gba 16.3. Benin gba 2, Tógò gba 2.

Ìpín 2 nínú 100 kò tó kí a fi pàṣẹ. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ iná Maria-Gléta, ní Abomey-Calavi, tí apá kejì rẹ̀ jẹ́ 127 mẹ́gáwáàtì tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019, gáàsì yìí ni wọ́n fi í ṣe ìrètí. Àwọn obìnrin Soclogbo ṣì ń fi igi àti èédú dáná. Ọ̀pá kankan kò gun òkè wa wá. Iná tí ọmọ fi ń kàwé lálẹ́ nìkan ló so wá mọ́ ọn. Nítorí náà, kò tọ́ lójú mi pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní àyẹ̀wò Davy bí ìtàn ọkọ̀ òyìnbó, nígbà tí ohun tó ṣàwárí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ níwájú Kútọnu.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí àwọn tó yàwòrán ọ̀pá náà kò rò tẹ́lẹ̀. Gánà rí gáàsì tirẹ̀ nínú òkun ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, láti ọdún 2019 ni gáàsì sì ti ń ti Takoradi ṣàn padà wá sí Tema, nínú ọ̀pá kan náà tí a ṣe kí ó lè máa gbé ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n dá gáàsì Nàìjíríà dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹlẹ́dẹ̀ irin lè gba abẹ́ òkun kọjá láti Àgbádárìgì. Ara iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀ ni pípààrọ̀ àwọn fáàfù abẹ́ omi, ọ̀kan ní Tema, ọ̀kan ní Kútọnu.