Q, Z àti Ulé

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, orí ọ̀pọ́n Síkírábù ló ti bẹ̀rẹ̀, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa níbí ní Ìkẹ́rẹ́, lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Àwa mẹ́rin la jókòó yí àtùpà ká. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìsẹ̀, wo àwọn lẹ́tà iwájú rẹ̀ títí, kò rí ọ̀rọ̀ gidi kankan tò. Ló bá mú U, L àti E, ó tò wọ́n kalẹ̀, ó ní, "Ulé. Ulé bàbá mi nìyẹn." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní kó kó o kúrò níbẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì là ń ta, kì í ṣe Èkìtì. Ó ní ká ṣí díkíṣọ́nárì tí wọ́n fi ń ta Síkírábù. A ṣí i. Háà, ó wà níbẹ̀! Igi kan ni, apá Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti ń hù, oje rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe rọ́bà. Máàkì mẹ́ta péré ni ọ̀rẹ́ mi rí gbà, àmọ́ òun ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Èmi ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí ni pé nígbà tí mo wà ní pírámárì, mo kọ "ulé" sínú àròkọ Yorùbá, bí ìyá mi àgbà ní Ẹmùré ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́. Tíṣà fi báírò pupa fà á kọjá, ó sì nà mí ní ẹgba mẹ́fà, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi u bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ náà báyìí? Ìwé àwọn Òyìnbó gba ulé wọlé, tiwa lé e síta. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ta ló tiẹ̀ ń pín lẹ́tà fún èèyàn ná?

Ti Síkírábù ò ṣòro. Alfred Mosher Butts lorúkọ ọkùnrin náà, ará Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń ṣe. Nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ayé ní nǹkan bí 1930 sókè, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó ti ìwé ìròyìn, pàápàá New York Times, ó ń ka lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: E mélòó, T mélòó, Q mélòó. Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà tó ń ka E látàárọ̀ dalẹ́! Èyí tó pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó pọ̀ nínú àpò ayò, owó rẹ̀ sì kéré. E jẹ́ méjìlá, máàkì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Q jẹ́ ẹyọ kan, Z náà ẹyọ kan, máàkì mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n. Bí ọjà ọba Ìkẹ́rẹ́ ṣe rí náà nìyẹn: ohun tó bá kún ọjà kì í wọ́n. Ní 1948 ni James Brunot sọ ayò náà ní Scrabble. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀, méjì nínú wọn ò ní nǹkan kan lára.

Mo wá kó gbogbo wọn dà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣa èyí tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá sọ́tọ̀. C méjì, V méjì, Q kan, X kan, Z kan. Ó jẹ́ méje! Méje náà sì ni iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú dání bí a bá ń ta á. Bí méjèèje bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, máàkì méjìlélógójì lò ń wò yẹn, o ò sì rí fáwẹ̀lì kankan fi tò wọ́n. Àwọn ọ̀ta Síkírábù ti há àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké sórí fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: QI àti QAT, tí Q wọn ò wá U, CWM tí kò ní a, e, i, o, u rárá. Ọ̀rọ̀ tiwa náà wà níbẹ̀ o: OBA, NAIRA, KOBO.

Ti Yorùbá ló gba àlàyé. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875, àwọn ìjọ pàdé ní Èkó, òun ló sì ṣe alága, wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, títí kan àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò lè bú wọn. Ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀yọ́ ló jọba nínú ìwé. Ibi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń sọ pé ilé, igi, ìlú, ará Èkìtì ń sọ pé ulé, ugi, ùlú. Kò sẹ́ni tó fi òfin lé u kúrò níwájú ọ̀rọ̀. Wọn ò kàn fi etí sí ọ̀dọ̀ tiwa ni. Nígbà tí ìjọba tún àkọtọ́ ṣe ní 1974, wọ́n yọ kọ́ńsónáǹtì oníbejì kúrò. Ìlú wa yìí náà jẹ ǹbẹ̀: Ikerre ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. R kan lọ, u ò padà wá.

Kí n má gbàgbé Wellington Jighere, ọmọ Ìpínlẹ̀ Delta. Ní oṣù November 2015, ní Perth ní Ọsirélíà, ó na Lewis Mackay, ọmọ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní 4 sí 0, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Síkírábù. Ọ̀rọ̀ tó fi pa á kò gùn: FELTY, máàkì mẹ́rìndínlógójì. Àwọn òṣèré wa gbà pé kò yẹ kéèyàn máa fi gbogbo ìgbà lé ọ̀rọ̀ lẹ́tà méje nítorí ẹ̀bùn àádọ́ta máàkì. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kúkúrú dí ọ̀nà mọ́ ọ, wọ́n á sì tọ́jú lẹ́tà tó dára sọ́wọ́. Èdè onílé ni wọ́n fi na onílé.

Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi àgbà ní Ẹmùré, mo sọ ọ̀rọ̀ igi náà fún un. Mo tún fi kún un pé "ulu" náà wà nínú ìwé yẹn, pé ọ̀bẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ yìnyín ni. Kò ya màmá lẹ́nu rárá. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá igi náà le tó èyí tí wọ́n lè fi kọ́ ulé.