Ààwẹ̀ àti Awakọ̀ Òfurufú: Ohun Tí Ń Ṣẹlẹ̀ Sí Ara Lókè Sánmà

Ramadan kì í dé kí wọ́n má bi wa: ṣé awakọ̀ òfurufú lè gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ń fò? Àwọn kan rò pé ìjókòó lásán ni iṣẹ́ wọn, pé ẹni tí ń roko nínú oòrùn ló yẹ ká ṣàánú. Kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún awakọ̀ bàálù ogun.

Bí bàálù ogun bá ṣẹ́rí lójijì lórí eré, ara awakọ̀ á wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. G ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo yìí. G 1 ni gbogbo wa ń gbé lórí ilẹ̀. Bí ó bá di G 9, tí bàálù ogun ìgbàlódé lè dé, ẹni tí ó jẹ́ kílò 70 á dà bí ẹni kílò 630. Ẹ̀jẹ̀ á máa wọ́ kúrò lórí lọ sí ẹsẹ̀. Ojú ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́: àwọ̀ á ṣá, ẹ̀gbẹ́ ojú á ṣókùnkùn bí ẹni tí ń wo inú páìpù, gbogbo rẹ̀ á wá dúdú. Bí kò bá dẹ̀, awakọ̀ á dákú. Aṣọ kan wà tí ń fi afẹ́fẹ́ fún ẹsẹ̀ àti ikùn wọn pọ̀, wọ́n sì ń kọ́ bí a ti ń ki iṣan le, tí a ń di èémí mú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ti wọlé. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò fẹnu kan omi láti ìgbà sààrì, tí ó tún ń làágùn nínú aṣọ wúwo, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín, G kékeré á sì borí rẹ̀. Iṣan tí ó ń kì náà, agbára oúnjẹ ló ń jẹ. Ká má gbàgbé oorun tí sààrì bù kù.

Awakọ̀ bàálù èrò kì í rí irú G bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ, ó sì fẹ́lẹ́ bíi ti orí òkè gíga. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, PIA ti ilẹ̀ Pakistan ní kí awakọ̀ wọn má gbààwẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò nínú Sūratul-Baqarah, āyah 184 àti 185, kí ó san án lọ́jọ́ mìíràn. Bí ìfò ológun kò bá tilẹ̀ tó ìrìn-àjò ńkọ́? Ní ọdún 8 Hijirah, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń lọ sí Mọ́kà nínú Ramadan, ó sì ní kí àwọn sàábé ṣínu kí wọ́n lè lágbára níwájú ọ̀tá. Lójú tiwa, ẹ̀rí yìí tó awakọ̀ ogun.

Ẹni tí ó bá sì gbà á nínú bàálù èrò, oòrùn tí ojú rẹ̀ rí ni yóò fi ṣínu, kì í ṣe aago ilẹ̀ tí ó fò kọjá. Ẹni tí ó gbéra ní Jiddah lọ́sàn-án wá sí Èkó ń lé oòrùn lọ ni. Ààwẹ̀ rẹ̀ lè fi nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 gùn ju ti ará Jiddah lọ.