Ìdádúró fọ́ọ̀mù ìkànsíni lórí ìkànnì kékeré

Ìdádúró fọ́ọ̀mù ìkànsíni jẹ́ ìṣòro tó máa ń wáyé nígbà tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí ìkànnì ayélujára bá ti tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, tí èsì kò sì tètè dé. Ó wọ́pọ̀ lórí ìkànnì kékeré ti ilé-ìwé, ilé ìjọsìn, ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù, tó ń bá àwọn ìkànnì mìíràn pín sáfà kan náà lò. (Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń pèsè ojú-ewé fún àwọn tó bá bèèrè.) Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé sáfà ń fi ímeèlì ránṣẹ́ kí ó tó dá ẹni tó ń dúró lóhùn.

Bí fọ́ọ̀mù ṣe ń ṣiṣẹ́

Fọ́ọ̀mù wà nínú ìlànà HTML 2.0 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, aṣàwákiri yóò kó ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ sáfà. Sáfà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fi ránṣẹ́ sí oní-ìkànnì, lẹ́yìn náà ni yóò dáhùn. Ojú-ewé lásán ṣeé pa mọ́ sínú fóònù kí ó lè tètè ṣí nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí tuntun ni ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyí tí ìkànnì kan fi lè yára láti ṣí, kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì máa lọ́ra.

SMTP, ìlànà tí Jon Postel kọ sílẹ̀ ní ọdún 1982, ni ímeèlì ń lò láti rìn. Àtúnṣe rẹ̀ ti ọdún 2008 dá a lábàá pé kí kọ̀ǹpútà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ ní sùúrù tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí èkejì tó kí i káàbọ̀. Sùúrù yìí bá ímeèlì mu, nítorí lẹ́tà lè dúró lójú ọ̀nà. Kò bá ènìyàn tó di fóònù mú tó ń retí èsì mu.

Ipa ọ̀nà jíjìn

Ìlú Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sí létí òkun. Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn okùn fáíbà abẹ́ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà. MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, gba nǹkan bíi 7,000 kìlómítà láti Èkó dé Pọ́túgàl. Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 0.07. Bí fọ́ọ̀mù bá nílò àlọ àti àbọ̀ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 0.28. Kódà bí a bá fi ìdádúró àárín fóònù àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un, jíjìn sáfà nìkan kò lè fa ìdádúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an bá ní ìṣòro, gbogbo nǹkan ló ń lọ́ra. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnukọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù nìkan ni irú èyí ń kàn.

Àwọn okùnfà mìíràn

• Ọ̀nà tí a dí: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń yá ènìyàn ní sáfà máa ń dí pọ́ọ̀tù 25 nítorí ímeèlì tí a kò bèèrè fún. Ètò ìkànnì yóò máa kan ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí, títí àkókò yóò fi tán.
• Àyẹ̀wò láti ibòmíràn, bíi CAPTCHA, tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn kí iṣẹ́ tó tẹ̀síwájú.
• Fáìlì ńlá: àwòrán mẹ́gábáìtì 5 yóò gba 40 ìṣẹ́jú àáyá bí ìyára ìfiránṣẹ́ bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìwádìí

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí àkókò ń lọ. Bí a bá tẹ F12 nínú aṣàwákiri lórí kọ̀ǹpútà, abala Network yóò fi iye àkókò ìpele kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìfiránṣẹ́ ló pẹ́, kí a wo fáìlì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá jẹ́ pé ìdúró de èsì ló pẹ́, ọ̀dọ̀ sáfà ni ìṣòro wà. Lẹ́yìn èyí, kí a dá ìfiránṣẹ́ ímeèlì dúró fún ìgbà díẹ̀, kí a sì tún fọ́ọ̀mù náà dán wò. Bí ó bá yára lójú ẹsẹ̀, a ti rí okùnfà rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àṣìṣe sáfà yóò jẹ́rìí sí i.

Àtúnṣe

Àtúnṣe tó pẹ́ títí ni kí sáfà kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sí ibi ìpamọ́ dátà, kí ó dá oníbèéèrè lóhùn, kí ètò mìíràn, bíi cron, sì fi ímeèlì ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Bí ímeèlì bá kùnà, ọ̀rọ̀ kò sọnù. A ó tún gbìyànjú. Ó tún yẹ kí bọ́tìnnì má ṣeé tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí a sì dín àkókò tí ètò fi ń dúró de ibòmíràn kù. Ẹni tó bá ń pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn mọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023.

Àbájáde

Federal Polytechnic, Adeleke University àti Redeemer's University wà ní Ẹdẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ilé àti iṣẹ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fọ́ọ̀mù bèèrè yàrá lè tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀rọ̀ kan náà dé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sì lè pa ojú-ewé dé kí èsì tó dé, kí ó wá ibòmíràn lọ. Èyí ló burú jù, nítorí bí ọ̀rọ̀ kò bá sí ní ìpamọ́, oní-ìkànnì kò ní mọ̀ láé pé ẹnìkan wá. Nítorí náà, ó dára kí nọ́ńbà fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù.