Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àlàyé lórí Òwe àti lórí Ọjà Réyọ́ọ̀nù

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí a sábà ń fi òwe yìí kọ́ni ni pé bí ibì kan bá dí, kí ènìyàn gba ibòmíràn; ṣùgbọ́n ó bá ẹni tí ń ṣe ìwádìí ọjà wí pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo kò lè mọ iye ẹrù tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọjà pọ́ọ̀pù yíyọ́ rí, èyí tí a fi ń ṣe réyọ́ọ̀nù, fọ́nrán tí a fi ń hun aṣọ.

Igi tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi kẹ́míkà sè títí ohun tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fi kúrò, ni à ń pè ní pọ́ọ̀pù. Èyí tí a ó fi ṣe réyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ mọ́ ju ti ìwé lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ́lúlóòsì, èròjà funfun tó mú kí igi dúró, yóò fi lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. A ó rẹ ẹ́ sínú kọ́sítíìkì sódà, a ó fi carbon disulphide pò ó títí yóò fi pọ́n bí ọsàn; bí a bá wá yọ́ ọ, yóò ki, a ó sì tì í gba ihò tíntìntín bọ́ sínú ásíìdì, níbi tí yóò ti dì di fọ́nrán gígùn. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Charles Cross, Edward Bevan àti Clayton Beadle, ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní 1892. Nítorí pé tọ́ọ̀nù fọ́nrán kan ń jẹ pọ́ọ̀pù tó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù kan, ó rọrùn láti rò pé bí a bá ti ka àwọn iléeṣẹ́ réyọ́ọ̀nù, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà ní Ṣáínà, a ti mọ ohun tí wọn yóò rà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Òwú oko ń bá réyọ́ọ̀nù du oníbàárà. Nígbà tí àgbàrá ba oko òwú jẹ́ ní Pakistan ní 2010, tí Íńdíà sì dín òwú tó ń tà sílẹ̀ òkèèrè kù, owó òwú fò kọjá dọ́là 2 lórí pọ́ùn kan ní oṣù kẹta 2011. Àwọn tó ń rànwú yà sídìí réyọ́ọ̀nù, pọ́ọ̀pù yíyọ́ sì gbówó lérí kọjá dọ́là 2,000 lórí tọ́ọ̀nù kan. Owó yìí wọ àwọn oní-pọ́ọ̀pù ìwé lójú. Sappi, fún àpẹẹrẹ, yí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Cloquet, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, padà sí pọ́ọ̀pù yíyọ́ ní 2013. Ṣùgbọ́n irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oṣù kan. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó òwú ti wálẹ̀, ẹrù sì ti pọ̀ ju ẹni tí yóò rà á lọ. Ibí yìí ló yẹ kí olùwádìí tẹjú mọ́ jù lọ, nítorí pé iye owó ọdún kan ni wọ́n ń wò kọ́ iléeṣẹ́, iye owó ọdún mìíràn ni wọn yóò sì fi tajà.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹrin 2014, Ṣáínà bu owó ibodè lé pọ́ọ̀pù yíyọ́ tó ń ti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Bùràsíìlì wá, ó ní wọ́n ń dà á sí òun lọ́jà ní pọ́ọ́kú. Ti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí Saiccor, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe pọ́ọ̀pù yíyọ́, wà, kò sí lára rẹ̀. Kánádà pẹjọ́ sí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ sì rí àṣìṣe nínú ìwádìí Ṣáínà ní 2017.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ọjà yìí kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta òwú oko, àti pọlíẹ́sítà, fọ́nrán tí a ń ti ara epo rọ̀bì ṣe, tí òun náà ń bá réyọ́ọ̀nù du oníbàárà, kí ó tó ka iléeṣẹ́ kankan.