Ìdúró Ní Ẹnu Ibodè: Ìtàn Àyẹ̀wò Ara Àwọn Ọmọ-Ogun Tí Ń Bọ̀ Láti Òkè Òkun

Ẹni tí ó bá ti Èkó ń lọ sí Benin, tàbí tí ó bá ti Òndó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Okìtìpupa, kò lè ṣe aláìmọ Ọ̀rẹ̀. Oríta ni ìlú náà jẹ́, òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ìlú Òdìgbó tìkára rẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Ohun gbogbo tí ń rìn lójú ọ̀nà ni ó ń kọjá níbẹ̀: igi gẹdú, kòkó, epo, èrò ọjà, àti ọmọ-ogun pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ-ogun Biafra kọjá Odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wa ti máa ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀."

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń bá èrò rìn, tí kì í san owó ọkọ̀, tí ojú kò sì rí i bí ó ti ń bọ̀. Àrùn ni. Nígbà tí ọmọ ìlú bá ti ojú ogun òkè òkun dé, ìyá rẹ̀ á fẹ́ dì mọ́ ọn, ẹgbẹ́ rẹ̀ á fẹ́ lu ìlù, àwọn ọmọdé á sì fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó dúró díẹ̀ lẹ́hìn ibodè, kí a kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ti dáhùn rẹ̀.

Nínú Ìwé Númérì, orí kọkànlélọ́gbọ̀n, a kà bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ṣẹ́gun àwọn ará Mídíánì. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Mósè jáde lọ pàdé wọn lẹ́hìn ibùdó, ó sì pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fọwọ́ kan òkú dúró lóde fún ọjọ́ méje. Aṣọ wọn àti ohun èlò awọ ni kí a wẹ̀ mọ́. Irin àti idẹ àti gbogbo ohun tí ó lè gba iná ni kí a mú la iná kọjá. Èyí tí kò lè gba iná ni kí a mú la omi kọjá. Òtítọ́ ni pé ìwẹ̀nùmọ́ níwájú Ọlọ́run ni òfin náà ń sọ, kì í ṣe ìwé oníṣègùn. Síbẹ̀, ẹ kíyèsí ohun kan: àwọn aṣẹ́gun ni a ní kí ó dúró. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní arúfin, kò sì sí ẹni tí ó gba ọlá ìṣẹ́gun lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 1377, àwọn ará ìlú etíkun kan tí ń jẹ́ Ragusa, tí a ń pè ní Dubrovnik lónìí, ṣe òfin pé àwọn tí ó bá ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà wá kò gbọdọ̀ wọ ìlú àfi lẹ́hìn ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́hìn náà ni ọgbọ̀n di ogójì, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ítálì fi ń ka ogójì sì ni orúkọ tí àwọn òyìnbó fún ìyàsọ́tọ̀ yìí ti jáde.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹ̀ṣọ́ ní ibodè kò ṣàjèjì sí wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ sí òpin, ọkọ̀ ogun òyìnbó kan tí ń jẹ́ Mantua gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí àrùn inflúẹ́ńsà ti dá dùbúlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tí ó bá ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ kó o, kò sì pẹ́ tí ìlú kún fún aláìsàn. Láti èbúté dé èbúté ni àrùn náà ń bá ọkọ̀ rìn, títí ó fi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Àwọn àgbà kan pè é ní lùkúlùkú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn, ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì sá kúrò ní Èkó lọ sí ìgbèríko. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé àrùn lọ́wọ́ gba ojú irin àti ojú ọ̀nà wọ inú ilẹ̀ wa. Àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n rẹ̀ pé àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà tó 500,000.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé a kò dá àrùn dúró ní èbúté nígbà tí ó ṣì kéré. Èkejì sì ni pé òfin tí a kò là yé ènìyàn a máa lé wọn sá ni.

Ní Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, lọ jagun ní Bọ́mà. Ibà ni ọ̀tá tí ó le jù níbẹ̀. Ọ̀gágun Slim kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọdún 1943, bí a bá gbé ẹnìkan tí ó gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun, 120 ni a ń gbé nítorí àìsàn. Ó pàṣẹ kí olúkúlùkù máa gbé oògùn mepacrine mì lójoojúmọ́, bí oògùn náà tilẹ̀ ń sọ awọ ara di pupa rúsúrúsú. Ó ń dé bá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ-ogun lójijì láti yẹ̀ wọ́n wò, níbi tí wọn kò bá sì ti lo oògùn, ọ̀gá wọn ni ó ń yọ kúrò nípò. Mẹ́ta ni ó yọ kí àwọn yòókù tó gbọ́n. Ẹ rí i pé ẹrù náà wà lórí olórí kí ó tó wà lórí ọmọ-ẹ̀hìn.

Lẹ́hìn èyí ni ìgbà ECOMOG dé. Láti ọdún 1990 ni àwọn ọmọ-ogun wa ti lọ pẹ̀tù sí ìjà ní Liberia, lẹ́hìn náà ní Sierra Leone. Àwọn kan pẹ́ níbẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìrí ìyàwó tàbí ọmọ. Nígbà tí wọ́n padà, tí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a rí i pé kòkòrò àrùn éèdì ti bá ọ̀pọ̀ wọn dé. Ní 17 oṣù keje ọdún 2000, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu 1308, tí ó rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti kọ́ àwọn ọmọ-ogun wọn nípa àrùn yìí, kí wọ́n sì pèsè àyẹ̀wò tí a finúfẹ́dọ̀ ṣe àti ìmọ̀ràn fún wọn. Ìtìjú ni ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ọ̀ràn yìí. Ọkọ á fi pa mọ́ fún aya, aya á sì kó o láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni lónìí, ẹni tí ó bá mọ ipò ara rẹ̀ ní kùtùkùtù, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí a kò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kì yóò kó o ran aya rẹ̀, yóò sì pẹ́ láyé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kìkì ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, àwọn ọmọ-ogun tí ó ti Nepal wá ń pa àlàáfíà mọ́ ní Haiti. Ara wọn le, nítorí náà a kò yẹ̀ wọ́n wò fún àrùn onígbá-méjì kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹ̀gbin láti ibùdó wọn ṣàn wọ inú odò tí àwọn ará ìlú ń mu. Àwọn tí ó kú tó 10,000. Ní ọdún 2016 ni Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Haiti. Ṣùgbọ́n àforíjì kì í jí òkú.

Ẹ fi èyí wé ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń jà ní Liberia, Sierra Leone àti Guinea. Amẹ́ríkà rán àwọn ọmọ-ogun lọ sí Liberia láti kọ́ ilé ìtọ́jú. Nígbà tí Ọ̀gágun Darryl Williams, tí ó kọ́kọ́ ṣe olórí wọn, padà sí ibùdó wọn ní Vicenza ní ilẹ̀ Ítálì, òun àti àwọn tí ó bá a rìn ni a yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kò bá ọmọ ilé rẹ̀ jẹun. Wọ́n ń wọn ìgbóná ara rẹ̀ lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ-ogun kékeré. Ìdí tí iye ọjọ́ náà fi jẹ́ mọ́kànlélógún ni pé àrùn náà kì í fara pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hàn. Ní ọdún kan náà, nígbà tí ọkùnrin kan gbé Ebola ti Liberia wá sí Èkó, Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú, mẹ́jọ sì kú, dókítà náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní 20 oṣù kẹwàá a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àrùn náà bá ti bọ́ sí ojú ọ̀nà Benin ni, ta ni kò mọ̀ pé Ọ̀rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ kàn?

Kí ni a ń ṣe fún ọmọ-ogun tí ó padà? A ń bi í léèrè ibi tí ó gbé, omi tí ó mu, àti aláìsàn tí ó súnmọ́. A ń wọn ìgbóná ara rẹ̀; a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, ìgbẹ́ rẹ̀ fún aràn, àyà rẹ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. A ń kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe dá oògùn ibà dúró ní ọjọ́ tí ó bá délé, nítorí pé kòkòrò ibà lè wà lára rẹ̀ tí kò tíì hàn. Ó sì yẹ kí a bi í bí ó ti ń sùn lóru, nítorí pé ọgbẹ́ ọkàn wà tí a kò lè fi aṣọ dì.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìdúró ní ibodè dára, bí ó bá jẹ́ pé bákan náà ni fún ọ̀gá àti ọmọ-ẹ̀hìn, bí a bá là á yé ẹni tí ń dúró, tí a sì ń bọ́ ọ, tí a ń tọ́jú rẹ̀, tí a kò sì tú àṣírí ara rẹ̀. Mósè kò jókòó sínú ibùdó kí ó máa ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ ni ó jáde lọ bá wọn lẹ́hìn odi. Nígbà tí ọmọ Ọ̀rẹ̀ tàbí ọmọ Òdìgbó kan bá ti ogun òkè òkun dé, tí a sì ní kí ó dúró díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá dúró. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, ẹ sì jẹ́ kí ìlù wà ní sẹpẹ́ de ọjọ́ tí yóò wọlé.